Afárá tí wọ́n gé sójú ọ̀run, àti ilẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, níbí ní Abẹ́òkúta, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́: "Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin mú mi lọ sí Cape Town níbi tó ń gbé. Mo rí afárá ńlá kan níbẹ̀ tí wọ́n gé sójú ọ̀run, bí ìgbà tí èèyàn gé aṣọ kúrò lórí òfì láì tíì hun ún tán. Mọ́tò kankan kò gba orí rẹ̀. Ọkọ ọmọ mi ní ẹ̀njìníà tó ṣe é ló ṣi ìṣirò ṣe, pé apá méjèèjì kò lè pàdé láéláé. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, torí ilẹ̀ tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún wa lẹ́yìn ìlú, ọdún kẹrìnlá rèé tí àwọn kan ti wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri rẹ̀ pé títì márosẹ̀ máa gba ibẹ̀ kọjá. Títì kò dé, ẹnikẹ́ni kò sì padà wá. Ṣé àwọn tó ń ṣe títì kì í mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni? Ṣé títì yẹn ṣì ń bọ̀, àbí kí n máa kọ́ ilé mi lọ?"

Ìyá wa, ẹ kú ìrìn-àjò, ẹ sì kú àmójútó ilẹ̀ bàbá àwọn ọmọ. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí mo rí i pé ohun tó ń dùn yín gan-an kò sí ní Cape Town. Ohun tó ń dùn yín ni pé ọdún 14 ti lọ, ẹ ò lè kọ́lé, ẹ ò lè tà, ẹ ò sì mọ ẹni tí ẹ máa bi. Ọdún 31 ni mo fi ya àwòrán títì àti afárá, tí mo sì dúró ti àwọn tó ń ṣe é, kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé níbí. Èmi náà ti wà lára àwọn tó ń sàmì sí ògiri ológiri rí. Ìdí nìyẹn tí màá fi dáhùn ìbéèrè méjèèjì pọ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: títì tí wọ́n yà sínú ìwé tí wọn ò là ló bí afárá tí ẹ rí, òun náà ló sì bí àmì tó wà lára ògiri yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ẹ̀njìníà Cape Town yẹn sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Ara àwọn márosẹ̀ etíkun ni afárá náà, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Foreshore. Iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní 1977. Owó ni kò tó, mọ́tò tó ń gba ìlú kọjá nígbà yẹn kò sì tíì pọ̀ débi tí ìjọba ìlú máa fi gbà pé ọ̀ràn náà kò ṣeé dá dúró. Wọ́n dúró síbi tí ìpele kan parí sí, pẹ̀lú èrò pé ìpele kejì ń bọ̀. Kò dé. Ìtàn tí ọkọ ọmọ yín sọ fún yín, kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ará ìlú ti ń sọ ọ́. Àwọn kan tiẹ̀ ní ẹ̀njìníà náà pa ara rẹ̀, àwọn mìíràn ní onísọ́ọ̀bù kan ló kọ̀ tí kò ta ilẹ̀ rẹ̀. Àròsọ ni gbogbo rẹ̀. Ìlà tí afárá náà máa tọ̀ wà nínú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlú náà ti gbìyànjú láti wá ohun tí wọ́n máa fi ibẹ̀ ṣe, wọ́n pe àwọn oníṣòwò pé kí wọ́n mú àbá wá, ṣùgbọ́n ní 2018 wọ́n fagi lé ètò náà. Mọ́tò ni wọ́n ń páàkì sábẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń ya fíìmù sì máa ń lò ó.

Kí ló wá dé tí èèyàn fi máa ṣe ààbọ̀ afárá? Ẹ gbójú sókè wo àwọn ilé tó wà lọ́nà Aṣérò sí Ọbáńtokò. Ẹ máa rí ilé tí wọ́n ti da dẹ́kìn rẹ̀, tí onílé ti kó wọ ìsàlẹ̀, tí irin ṣì yọrí ṣónṣó lórí òpó. Kò sí ẹni tó máa sọ pé bíríkìlà yẹn kò mọṣẹ́. Gbogbo wa mọ̀ pé onílé ní i lọ́kàn láti gbé òkè lé e lọ́jọ́ tí owó bá dé, ó sì mọ̀ pé bí òun bá gé irin yẹn mọ́lẹ̀, òpó òkè kò ní rí ohun tó máa dì mú. Bí afárá tí ẹ rí ṣe rí nìyẹn. Níbi tí márosẹ̀ méjì ti máa pàdé, tí a ń pè ní íntaṣéńjì bíi ti Ṣàgámù, ọgbọ́n iṣẹ́ ni pé kí a ṣe ìpàdé náà nígbà tí ilẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀, tí katapílà ṣì wà níbẹ̀. Tí mọ́tò bá ti ń sáré lórí títì àkọ́kọ́, wàhálà ńlá ni kéèyàn tó padà wá gbẹ́ ìpìlẹ̀ òpó sí àárín rẹ̀: wọ́n á darí ọkọ̀ gba ibòmíràn, wọ́n á fọ́ ohun tí wọ́n ti ṣe, àwọn òṣìṣẹ́ á sì máa ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikú. Nítorí náà, a máa ń kọ́ apá tó máa gbé títì kejì sílẹ̀ dè é. Tí títì kejì kò bá wá wá, apá yẹn á dúró lófìfo, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà náà á sì máa bú ẹ̀njìníà.

Àwọn íntaṣéńjì wọ̀nyí ní ìrísí, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á rí ìtàn níbẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀, tí ẹ bá wò ó láti òkè, obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin ni: títì méjì dábùú ara wọn, ọ̀nà róbótó mẹ́rin sì yí wọn ká. Níbi tí títì kan bá ti parí sára òmíràn, kàkàkí là ń ṣe é, ọrùn tó gùn tó wá la ẹnu. Níbi tí ọkọ̀ bá ti pọ̀ kọjá àlà, a máa ń kó ọ̀nà lé ara wọn ní àjà mẹ́rin, kó má bàa sí ẹni tó ń dúró de ẹnì kan. Tí ẹ bá wá dé ibi tí títì kan parí sí, tó yẹ kó jẹ́ kàkàkí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá obì aláwẹ́ mẹ́rin níbẹ̀, tí awẹ́ méjì kò gbé ọkọ̀ lọ síbì kankan, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ti ní i lọ́kàn pé kí títì yẹn máa lọ. Àlàfo àárín títì tó fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, òpó tó dúró tí kò ru nǹkan kan, ẹ̀ka tó gòkè tán tí wọ́n fi bùlọ́ọ̀kù kọnkéré dí lẹ́nu: ojú àpá ni gbogbo wọn.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé nínú àwọn tí mo fojú ara mi rí wà ní Farmington, lẹ́bàá Hartford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló gbé mi débẹ̀ ní 1987. Íntaṣéńjì alájà mẹ́rin ni. Ọdún 1969 ni wọ́n parí rẹ̀, kí márosẹ̀ 84 lè pàdé márosẹ̀ 291 tó yẹ kó yí Hartford ká, ṣùgbọ́n wọn ò la 291 dé ibẹ̀. Mo dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mọ́tò ń sáré lórí 84, ariwo wọn ń dún lára òpó, ṣùgbọ́n àwọn apá tó yọ sí ọ̀tún àti òsì dákẹ́ rọ́rọ́. Koríko ti hù láàárín kọnkéré kan sí èkejì. Mo fi ọwọ́ pa ara òpó náà, ó dán, kò sí ojú táyà kankan tó ti gba orí rẹ̀ kọjá rí láti ọdún 18, mo sì rántí gbogbo àpò sìmẹ́ǹtì tí à ń jìjàdù lé lórí nílé. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìyókù: ní 1992, wọ́n so títì 9 mọ́ ọn, apá kan nínú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún 23. Ẹ fi èyí sọ́kàn, màá padà sí i nígbà tí a bá dé orí ilẹ̀ yín.

Nígbà mìíràn, ẹni tó ń wakọ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Márosẹ̀ 95 tó ń bọ̀ láti gúúsù yẹ kó wọ àárín ìlú Boston lọ tààrà. Wọn ò la apá tó wọ ìlú, nítorí náà nígbà tó bá dé Canton, awakọ̀ tó fẹ́ máa bá 95 lọ gbọ́dọ̀ yà gba ẹ̀ka títì bọ́ sórí títì mìíràn tó yí ìlú ká. Ẹni tó ń lọ tààrà lójú ara rẹ̀ ni títì ní kó yà. Ní England, nọ́ńbà ló ń tú àṣírí: márosẹ̀ M11 bẹ̀rẹ̀ láti íntaṣéńjì kẹrin, M23 bẹ̀rẹ̀ láti ìkeje. Àwọn nọ́ńbà tó yẹ kó ṣáájú wà fún apá tó máa wọ inú London lọ, apá yẹn kò sì kúrò nínú ìwé. Ráńdàbáùtù ńlá kan tún wà ní ìwọ̀-oòrùn London lábẹ́ Westway, títì olókè tí wọ́n ṣí ní 1970, tí ó ní kùkùté ẹ̀ka tó kọjú sí àríwá, tí kò sì dé àríwá.

Ìyá wa, ẹ lè bi mí pé ta ló ń dá iṣẹ́ ńlá báyìí dúró. Owó wà lára rẹ̀, mo ti sọ ìyẹn. Ní Amẹ́ríkà ṣá, owó kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀, nítorí láti 1956 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń san náírà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ká fi ti wa sọ ọ́. Ará ìlú ló dìde. Ẹ fojú inú wò ó pé wọ́n fẹ́ la márosẹ̀ ọlọ́nà mẹ́fà láti Kútọ̀, kó gba Ìtòkú àti abẹ́ Olúmọ, kó bọ́ sí Lafẹ́nwá. Ẹ wo bí ilé ṣe fún mọ́ra níbẹ̀, òrùlé lé òrùlé, agboolé tí bàbá ńlá tẹ̀ dó, ojú oórì àwọn òkú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìsọ̀ yín àti ìsọ̀ àwọn ẹgbẹ́ yín. Ta ló máa gbà? Bí àwọn ará San Francisco náà ò ṣe gbà nìyẹn, tí ìgbìmọ̀ ìlú fi fagi lé márosẹ̀ méje nínú mẹ́wàá ní 1959. Gómìnà Francis Sargent dá ti Boston dúró ní 1970. Bill Davis tó ń ṣe olórí ìjọba Ontario ní Kánádà fagi lé márosẹ̀ Spadina ní Toronto ní oṣù kẹfà 1971, apá tí wọ́n sì ti là dúró sí ọ̀nà Eglinton títí di òní. Ní Seattle, ará ìlú fi ìbò lé ti wọn dànù ní 1972. Àwọn kùkùté afárá tó kù sórí omi, àwọn ọ̀dọ́ ń ti orí wọn bẹ́ sódò fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di pé wọ́n wó ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ti London, ìbò 1973 ló gbẹ̀mí rẹ̀.

Gbogbo àwọn ìlú yìí, orí ló yọ wọ́n. Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ ni Baltimore, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kọ́kọ́ wó ilé ná. Ilé 971, ilé ìṣòwò 62 àti ilé ìwé kan, nǹkan bí 1,500 èèyàn, aláwọ̀ dúdú lọ́pọ̀ jù lọ, ni wọ́n kó kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n gbẹ́ kòtò títì náà tán, ó gùn díẹ̀ ju kìlómítà méjì lọ, lẹ́yìn náà wọn ò lè so ó mọ́ márosẹ̀ 70 tó yẹ kó wá pàdé rẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn, nítorí àwọn ará àdúgbò tó kù dìde, ọgbà igbó ńlá kan sì wà lójú ọ̀nà. Márosẹ̀ 70 parí sí ẹ̀bá igbó náà, àwọn èèyàn wá ń páàkì sí ìparí rẹ̀. Kòtò yẹn ṣì wà láàárín ìlú. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní títì tí kò lọ síbì kankan. Tí wọ́n bá ní kí n sọ ohun kan ṣoṣo tí mo kọ́ nínú iṣẹ́ yìí, òun ni pé ẹ má wó ilé ẹnikẹ́ni títí tí owó tó máa fi títì náà délé á fi wà lọ́wọ́. Boston náà ti wó ilé kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n àwọn rí i ṣe: ọ̀nà tí wọ́n ti là sílẹ̀ fún mọ́tò ni wọ́n gbé ọkọ̀ ojú irin gbà ní 1987, wọ́n sì ṣe ọgbà fún ará ìlú sí i.

Níbí ńkọ́? Àwa náà ní tiwa. Ọ̀rọ̀ afárá kẹrin l'Ékòó, tó máa so Lẹ́kí mọ́ Ìkòròdú, ti lé ní ogún ọdún, àwòrán rẹ̀ sì ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Gbogbo ìgbà tó bá yí ni ìdààmú á bá ilé tí kò sí lójú ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin àgbà náà rántí ọkọ̀ ojú irin tí Jakande bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, tí ìjọba ológun pa rẹ́ ní 1985. Èmi fúnra mi, níbi iṣẹ́ kan láàárín àwọn ọdún 1990, mo dúró ti àwọn tó da ìpìlẹ̀ afárá fún apá kejì títì kan. Ìjọba yí, iṣẹ́ dúró, apá kejì kò dé. Mo gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Àwọn ìyá ń sá làfún sórí rẹ̀, ó funfun báláú lórí kọnkéré tí èmi fi ìkòkò omi rin kó má bàa sán. Irin tó yọ létí rẹ̀ ti dípẹtà, ẹnì kan so okùn ewúrẹ́ mọ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ilẹ̀ yín. Ohun méjì ni àwọn èèyàn máa ń ṣì mú. Wọ́n á ní ọ̀dà pupa ti gba ilẹ̀ náà, tàbí kí wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí títì kò dé, ó ti bọ́ nìyẹn. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Ọ̀dà tí sọ̀fíyọ̀ fi sàmì lè jẹ́ ìlà tó ń wá lásán: a máa ń wọn ọ̀nà mẹ́ta kí a tó mú ọ̀kan, a sì máa ń fi àmì sílẹ̀ ní gbogbo wọn. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ló sọ bí ìjọba ṣe lè gba ilẹ̀. Abala 28 ní gómìnà lè gbà á nítorí ànfààní gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n sì fi ìwé náà lé onílẹ̀ lọ́wọ́. Abala 29 ló sọ̀rọ̀ owó gbà-má-bìínú fún ilé àti irè oko tó wà lórí ilẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á. Ẹ ò sọ nínú lẹ́tà yín pé ẹnikẹ́ni fún yín ní ìwé. Tí ìwé kò bá dé ọwọ́ yín tàbí ọwọ́ ọkọ yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé tiyín ṣì ni. Ẹ̀njìníà ni mí, mi ò kì í ṣe agbẹjọ́rò. Kí agbẹjọ́rò ka ìwé ilẹ̀ yín kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ mi yìí dúró níwájú ẹnikẹ́ni.

Mi ò sì ní tàn yín jẹ pé títì náà ti kú. Ẹ rántí Farmington. Ìlà tí wọ́n ti wọ̀n kì í kúrò nínú fáìlì. Ìjọba tuntun tó bá ń wá iṣẹ́ tó máa yá, inú fáìlì yẹn ló máa kọ́kọ́ wò, nítorí ẹnì kan ti ya á tán. Tí ẹ bá kọ́ ilé alájà kan sí ojú ọ̀nà yẹn láì gba ìwé àṣẹ, tí wọ́n bá wá dé, ọ̀ràn gbà-má-bìínú á di àríyànjiyàn, ọ̀pọ̀ ló ti pàdánù gbogbo owó ayé wọn báyẹn. Tí ẹ bá tà á láì sọ fún ẹni tó rà á, ẹ gbé ìdààmú yín lé ọmọ ẹlòmíràn lọ́rùn ni. Àwọn kan á sì wá bá yín pé ilẹ̀ títì ni, kò níye lórí mọ́, kí ẹ gba owó táṣẹ́rẹ́. Ẹ má dá wọn lóhùn. Mo ti rí ibi tí irú wọn ti mọ̀ pé ìlà ti yẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ kí onílẹ̀ tó mọ̀.

Ohun tí èmi máa ṣe tó bá jẹ́ tèmi ni pé màá mú ìwé sọ̀fè ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà sọ̀fíyọ̀ ìpínlẹ̀ ní Òkè-Mosàn, kí wọ́n fi nọ́ńbà bíkìn rẹ̀ wò ó lórí máàpù bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Ṣáàtì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn. Ẹ má rán ẹni tó bá ní òun mọ ẹnì kan níbẹ̀. Kí sọ̀fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ bá yín lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí títì, ẹ béèrè bóyá ìlà náà ṣì wà, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó máa dúró lọ́wọ́ yín. Àmọ́ tó bá jẹ́ títì ìjọba àpapọ̀ ni, ọ̀tọ̀ ni ilé tí lẹ́tà máa lọ, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni títì. Lórí máàpù náà, ẹ wò ó dáadáa bóyá gbogbo ilẹ̀ ni ìlà gbé àbí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó jẹ́ pé igun kékeré ni títì mú, tí onílẹ̀ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún igbó lọ́dún púpọ̀, tó sì lè kọ́lé sí ẹ̀yìn rẹ̀ láìsí wàhálà.

Kí èsì tó dé, ẹ má gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ẹ gbin ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, kí ilẹ̀ má bàa dà bí èyí tí kò lólówó, irè oko sì wà lára ohun tí òfin ní kí wọ́n san owó lé lórí. Ẹ tún ya fọ́tò ògiri náà níbi tí ọ̀dà pupa wà, nítorí òjò ti ń fọ̀ ọ́ láti ọdún 14, àmì yẹn sì wà lára ẹ̀rí yín. Tí lẹ́tà ìdáhùn wọn bá dé, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ àti ẹ̀dà ìwé sọ̀fè ránṣẹ́ sí mi. Màá fi bírò pupa ya ibi tí títì náà gbà sórí rẹ̀ fún yín, kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ lè rí iye tó kù fún yín láti kọ́lé sí.